Áàpù iNaturalist fún ẹni tó bá fẹ́ràn kòkòrò orí ewé: mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lo áàpù iNaturalist, èyí tá a fi ń ya fótò ẹ̀dá alààyè ká lè mọ orúkọ ẹ̀, mi ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ níta torí mo fẹ́ lò ó dójú àmì kí n tó lanu. Mo ti lò ó ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí tí mò ń gbé, mo ti lò ó nílé ní Ìdànrè, nínú oko kòkó níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í dúró, torí náà mo lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà kankan nínú ẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un, ìdajì tó kù yẹn, màá sọ ibi tó wà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ya òdòdó àti ẹyẹ, èmi kòkòrò ni mò ń wá, kì í sì í ṣe labalábá o, kì í ṣe oyin, àwọn wínníwínní orí ewé yẹn ni, àwọn tẹ́nu wọn dà bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi ewé àti omi èso mu. Ìbátan ìdun ni gbogbo wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ìdílé tí wọ́n ń pè ní Miridae, irú tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ nínú ẹ̀ káàkiri ayé lé ní 11,000, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gùn tó sẹ́ńtímítà kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ wo ìyẹ́ wọn láti ẹ̀gbẹ́, ní apá ẹ̀yìn ó máa ń ṣẹ́ sísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ká etí bébà, kọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ hàn sí yín.

Ẹni tó bá dàgbà sóko kòkó mọ̀ wọ́n dáadáa, kódà tí kò bá mọ orúkọ wọn. Bàbá mi ń pè é ní kòkòrò kòkó, ó tán. Tó bá ti fa èso mu, ojú ibẹ̀ á dúdú, á jin kòtò, ẹ̀ka ọ̀dọ́ á gbẹ láti orí wá, olú lóríṣiríṣi á sì gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọlé. Gamalin 20 ni wọ́n fi ń pa á nígbà náà, wọ́n á pọ̀n ọ́n sẹ́yìn wọ inú oko, wọn ò ní ìbòmú, wọn ò ní ìbọ̀wọ́, títí dòní òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi. Lindane ló wà nínú ẹ̀, ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè jọ fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn oògùn tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ láyé. Gbogbo ọdún tá a fi ń fọ́n oògùn yẹn, mi ò mọ ẹnì kan ní abúlé wa tó mú kòkòrò yẹn wò dáadáa kó béèrè pé irú èwo gan-an lèyí, ibo ló wà, ibo ni kò sí. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nìyẹn.

Bí áàpù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Ẹ ya fótò, á mú ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ wà látinú fóònù yín, kọ̀ǹpútà wọn á dábàá orúkọ, lẹ́yìn ìyẹn àwọn èèyàn gidi tó mọ kòkòrò yẹn á wá wò ó, wọ́n á fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n ní rárá o. Tó bá jẹ́ pé ó kéré tán èèyàn méjì fẹnu kò sórúkọ kan, tí àwọn tó gbà sì ju méjì nínú mẹ́ta lọ, á di Research Grade, ìyẹn ni pé á lè bọ́ sínú GBIF, àkójọ ńlá àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó fi Copenhagen ṣe ibùjókòó tí gbogbo ayé ń wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2008, iṣẹ́ àṣekágbá másítà wọn ni, láti 2023 ló sì ti dá dúró láyè ara ẹ̀ bí àjọ tí kì í wá èrè. Níbí ní Britain, àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀dá jọ náà máa ń mú nínú ẹ̀, torí náà fótò tẹ́ ẹ yà lọ́nà ibi iṣẹ́ lè dé ọwọ́ ẹni tó ń ya máàpù kòkòrò.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ o. Nínú sẹ́tìn, ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè àṣẹ tẹ́ ẹ fún àwọn èèyàn lórí àkọsílẹ̀ yín, ti fótò wà lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ mú èyí tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó fún àkọsílẹ̀, àkọsílẹ̀ yín ò ní dé GBIF láéláé, bó ti wù kó dára tó. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a, CC BY-NC, ìyẹn gbà kí àwọn onímọ̀ lò ó, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tà á.

Ọjọ́ tí áàpù yìí wọ̀ mí lọ́kàn, oṣù kẹfà ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, tí mo bá ti jáde láàárọ̀ mi ò kì í lè sùn lójú ẹsẹ̀, mo bá gba Nunhead Cemetery lọ, itẹ́ òkú àtijọ́ kan tí wọ́n ṣí lọ́dún 1840, tó ti di igbó tán báyìí, igi sycamore ló kún ibẹ̀. Agbòjò funfun ló wà lọ́wọ́ mi. Ohun tá a máa ń ṣe ni pé ká ṣí agbòjò, ká da orí ẹ̀ kodò sábẹ́ ẹ̀ka, ká wá fi ọ̀pá gbá ẹ̀ka yẹn lẹ́ẹ̀mẹta gbà gbà gbà, gbogbo ohun tó bá wà lórí ewé á já sínú ẹ̀, ẹ ò ní gbà pé ewé tó dákẹ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan tó pọ̀ tó yẹn. Ọ̀kan já bọ́ tó pọ́n bí ọsàn tó ti fẹ́ bàjẹ́, bí mìlímítà méje, ó ń sáré kiri. Mo yà á, áàpù ní Deraeocoris ni, ọ̀wọ́ kan nínú Miridae, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ irú èwo, ó dá a dúró síbẹ̀, mo fẹ́ràn bó ṣe mọ ibi tí ìmọ̀ ẹ̀ mọ. Kó tó di ọ̀sán ẹnì kan ti kọ ọ́ pé Deraeocoris flavilinea ni, ẹlòmíì fọwọ́ sí i, ni mo bá lọ kà nípa ẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní Britain fún ìgbà àkọ́kọ́! Ọ̀nà Italy ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń tàn ká Yúróòpù díẹ̀díẹ̀. Ohun tó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ rí i nígbà yẹn, òun ló ń já bọ́ sínú agbòjò mi ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí kí ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ rí ní àgbègbè, ìyẹn ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ kòkòrò kan sílẹ̀ ní àgbègbè kan, torí ibẹ̀ ló dùn jù. Àwọn ará ibí ò fi agbègbè káńsù ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ H. C. Watson ló pín Great Britain sí àgbègbè 112 lọ́dún 1852, wọ́n sì ń lo ìpín yẹn di òní olónìí, ìjọba ì báà yí ààlà padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Torí náà Peckham tá à ń wí yìí, tí gbogbo wa mọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó bá di ti kòkòrò, Surrey ni. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì kan lọ sí Lewisham, ẹ ti wà ní West Kent. Ẹ kọjá odò Thames lọ sí Hackney, Middlesex nìyẹn. Kòkòrò kan lè pọ̀ bí yanrìn ní ọ̀kan kó má tíì sí ẹnì kankan tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìkejì.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ara wọn lẹ́nu. Ìgbà tí mo wá ro ti ilé ni mo tó mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Ẹ wò ó, ẹni tó bá mú kòkòrò ní Adó lọ́dún 1970, Western State ni yóò kọ sára ìgò ẹ̀. Ní 1976 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ẹni tó bá mú irú ẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1980, Oǹdó ni yóò kọ. Ní 1996 wọ́n yọ Èkìtì jáde. Kòkòrò kan náà, igi kan náà, orúkọ ibi mẹ́ta, ẹni tó bá wá ń kà á lónìí á rò pé ó ń ṣí kiri ni. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn pé áàpù yìí ń mú ibi gan-an tí ẹsẹ̀ èèyàn wà nìyẹn, nọ́ńbà ni, kò bá ìjọba kankan yí.

Nínú àwọn ìtàn kòkòrò tó ń ṣí ibùgbé, èyí tó mú omi wá sójú mi ni ti Nezara viridula, kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó tóbi ju àwọn Miridae mi lọ, ìdílé míì ni, ṣùgbọ́n ẹnu abẹ́rẹ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìlà-oòrùn Áfíríkà ló ti ṣẹ̀. Ní Nàìjíríà a mọ̀ ọ́n lórí sóyà àti ẹ̀wà, ó máa ń fa páádì ẹ̀wà mu títí hóró inú ẹ̀ á fi hun. Ọdún 2003 ni wọ́n rí i pé ó ti ń bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà ìwọ́wé kan, lórí tòmátò tí ọ̀rẹ́ mi gbìn sí ọgbà àjọlò, mo bá ọmọ ẹ̀ mẹ́rin, tótòtó funfun lẹ́yìn wọn, mo sì dá wọn mọ̀ kí n tó yọ fóònù, torí mo ti rí wọn rí lóko ẹ̀wà ìyá mi àgbà. Tí òtútù bá dé àgbà wọn á di aláwọ̀ ilẹ̀, tí oòrùn bá padà dé wọ́n á tún di aláwọ̀ ewé. Àwọn ará ọgbà yẹn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n ya fótò ná.

Kòkòrò ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ míì wà tí kò ti òkèèrè wá, Gonocerus acuteangulatus, tó jẹ́ pé nígbà kan Box Hill ní Surrey nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo Britain, lórí igi box. Òun náà ti kúrò lórí òkè yẹn, ó ti wà káàkiri gúúsù England, ó ti kọ́ bá a ṣe ń jẹ igi míì. Ti Leptoglossus occidentalis, ìbátan wọn kan tó ti Amẹ́ríkà wá, yá ju ìyẹn lọ: wọ́n rí i ní Italy ní 1999, ní Weymouth ní England ní 2007.

Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ nílò pẹ̀lú áàpù yìí ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fọgbọ́n rà á. Lẹ́ńsì tí mo kọ́kọ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ 40 sára ẹ̀, pé á sọ nǹkan di ìlọ́po ogójì, irọ́ ni, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ṣú bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan nínú omi ọṣẹ, mi ò dárúkọ ẹni tó tà á fún mi ṣùgbọ́n owó mi wọgbó. Ìlọ́po mẹ́wàá tó já gaara ti tó, kódà òun ló dára jù. Ẹ fi kún ìgò kéékèèké tó ní ìdérí àti páálí funfun kan, ó parí. Tí kòkòrò bá wà nínú ìgò, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lè fara balẹ̀, ẹ wá da á sórí páálí yà.

Ó wá kan Ìdànrè. Mo lọ sílé lóṣù kejìlá, mo ní kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ sóko, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ lọ wá, mo ní kòkòrò kòkó ni, bàbá wò mí tìtì, wọ́n ní "ọmọ mi, a ti ń sá fún un láti ọjọ́ yìí, ìwọ wọkọ̀ òfuurufú wá wá a?" Ṣùgbọ́n wọ́n mú mi lọ, àwọn gan-an ló sì rí i, ojú wọn mú ju tèmi lọ, wọ́n na ìka sí abẹ́ èso kan, ó wà níbi tí èso ti kan ẹ̀ka, ọmọ ẹ̀ tí kò tíì níyẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ya fótò, láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ti sá wọ ẹ̀yìn èso. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, áàpù kàn tọ́jú ẹ̀ sínú fóònù, ìgbà tá a dé ojú títì ló gbé e lọ fúnra ẹ̀, ìràwọ̀ kan odindi fún ìyẹn nìkan.

Irú méjì ni kòkòrò yìí tó yọ kòkó lẹ́nu jù lọ́dọ̀ wa, Sahlbergella singularis àti Distantiella theobroma. Ní Nàìjíríà, Sahlbergella ló pọ̀, Distantiella ṣọ̀wọ́n jù ú lọ. Àwọn méjèèjì ti wà nílẹ̀ wa kí kòkó tó dé láti Amẹ́ríkà, igi obì àti igi àràbà wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ, kòkó ló bá wọn nílé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí fótò mi ti wà lórí áàpù, ẹnì kan tó mọ̀ wọ́n dáadáa kọ̀wé sí mi, ó ní ṣé mo ní fótò tó hàn láti òkè, ẹ̀yìn ẹ̀ látòkè délẹ̀, torí láti ẹ̀gbẹ́ báyìí òun ò lè yà á sọ́tọ̀, ọmọ wọn le mọ̀ gan-an. Mi ò ní. Orúkọ ìdílé nìkan ló dúró sí, Miridae, bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ó lè jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ ni, ó lè jẹ́ èyí tó ṣọ̀wọ́n, èmi ni mi ò yà á dáadáa.

Ìdajì ìràwọ̀ tí mo yọ wá nìyí. Kọ̀ǹpútà wọn ò lè dábàá orúkọ kòkòrò tí fótò ẹ̀ ò tíì pọ̀ tó láti fi kọ́ ọ. Ẹ wá rò ó wò: èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni fótò ẹ̀ ò pọ̀! Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tẹ́nì kankan ò rí rí ní àgbègbè yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbátan ẹ̀ tó wọ́pọ̀ ni áàpù máa dárúkọ, ẹlòmíì tó ń kánjú á tẹ "mo gbà", àkọ́kọ́ rí á sì sùn sábẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Áfíríkà ni ìyẹn ti le jù torí fótò tiwa ò tó nǹkan. Ẹ̀kejì, àwọn kan wà tí fótò ò lè yanjú ọ̀rọ̀ wọn láéláé, bí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀wọ́ Psallus àti Orthotylus, àfi kí wọ́n tú ìdí akọ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Nígbà míì gan-an akọ ọ̀hún ò sí, Campyloneura virgula tó wà lórí igi káàkiri níbí, abo lásán ni gbogbo ohun tí mo rí, àwọn onímọ̀ náà sọ pé akọ ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidi gan-an.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ yín, ẹ má kàn gba orúkọ tó bá kọ́kọ́ yọ lórí ẹ̀rọ. Tó bá rú yín lójú ẹ kọ Miridae kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ igi tó wà lórí ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ò kì í jẹ ju igi kan tàbí méjì lọ, orúkọ igi nìkan lè yanjú ìdajì ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rò pé nǹkan pàtàkì ni, ẹ fi ọ̀kan sínú ìgò ọtí líle, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ibi, ọjọ́, igi àti orúkọ ẹni tó mú un sínú bébà kékeré, bíírò á ṣàn nínú ọtí, pẹ́ńsù kì í ṣàn. Níbí ẹ gbé e fún ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àgbègbè yín, nílé ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, tó bá sì jẹ́ ti kòkó, CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìbàdàn láti 1964, iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù kí ayé má mọ ilé yín, àyè wà láti fi ibẹ̀ pa mọ́, áàpù á wá gbé àmì sí ibòmíì tó jìnnà díẹ̀. Mo ń ṣe é fún ti ilé. Ti oko mi ò ṣe é o, torí máàpù tí ibi ẹ̀ ò dá gún ò wúlò fún ẹni tó ń wá ààlà kòkòrò, mo sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí n tó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò burú.

Lánàá, ọmọ wọn fi fótò mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, orí pẹ̀lú ìwo ẹ̀, àti èso kòkó tí wọ́n ti bá a, àgbà ni lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹ́ ẹ̀ pé. Mo ti bá a ṣí àkáǹtì tirẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló gbé e sórí áàpù lóko tí wọ́n ti rí i, Needs ID ló ṣì wà, ìyẹn ni pé ó ṣì ń retí ẹni tó máa fọwọ́ sí orúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti mú Distantiella rí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.